Wáyà Òyìnbó àti Etí Bàbá Wa

London,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù September, 1978.

Ẹ̀gbọ́n mi Àmúdàtù,

Àsàlámù àlékúmù. Mo kí yín, mo kí Bàbá, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Mushin. Ara mi le, àfi òtútù tó tún ti ń yọjú. Ẹ má bínú pé oṣù mẹ́ta gbáko kọjá kí n tó kọ̀wé. Iṣẹ́ ni. Ní ṣọ́ọ̀bù sítẹ́ríò tí mo sọ fún yín nípa rẹ̀, ẹrù ni mò ń gbé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù tó kọjá ni wọ́n ti ní kí n máa dá oníbàárà lóhùn.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín, torí nínú gbogbo ilé wa, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ inú rédíò bí ẹni mọ inú ìkòkò ọbẹ̀ ara rẹ̀, láti ìgbà tí ọkọ yín Oyèwọlé, kí Ọlọ́run forí jì í, ti kọ́ yín níṣẹ́.

Ọ̀gá mi gbé wáyà tuntun kan dé. Kì í ṣe wáyà iná o. Èyí tó ti ara ampilifáyà lọ sára sípíkà ni. Ó nípọn bí ìka mi, awọ rẹ̀ mọ́ gaara débi pé ẹ ó máa rí bàbà inú rẹ̀ tó ń dán. Ọ̀gá yọ wáyà àtijọ́, ó so èyí mọ́ ọn, ó sì gbé àwo ọkùnrin kan tó ń ta gìtá lé e. Mo ti gbọ́ àwo yẹn tó ìgbà ogún. Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ ìka ọkùnrin náà tó ń ha okùn gìtá! Mo gbọ́ àga tó jókòó lé, tó ń dún kẹ̀kẹ̀. Irun ara mi dìde. Mi ò lè dá oníbàárà tó wọlé lóhùn, ńṣe ni mo dúró, tí mo lanu.

Ohun tí mo rò nìyí. Àwọn tó lówó ní Surulere ń ra sítẹ́ríò ńláńlá, wáyà iná lásán ni wọ́n fi ń so ó. Bí mo bá kó wáyà yìí wálé, èmi àti ẹ̀yin lè jọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Yàrá iwájú ilé Bàbá, èyí tó kọjú sí títì, ló bá a mu jù. Ọdún kẹrin mi rèé níbí. Mo fẹ́ máa bọ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè wọlé lọ́wọ́ òfo. Mo mọ̀ pé Bàbá ò kọ ọ̀rọ̀ kan sí mi mọ́ láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé pé mo ti fi ẹ̀kọ́ ẹnjiníà sílẹ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.

Èmi ni àbúrò yín,
Ọ̀ṣẹ́nì.


Mushin,
2 October, 1978.

Ọ̀ṣẹ́nì àbúrò mi,

Wa àlékúmù sàlámù. Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Inú mi dùn, inú sì bí mi. Odindi oṣù mẹ́ta, ìgbà tó o máa wá rántí wa, wáyà lo gbé wá. O ò béèrè orúnkún Bàbá tó ń dùn wọ́n. O ò bi mí bí mo ṣe ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti wó ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi nítorí gọ́tà. Tábìlì iṣẹ́ mi ti dé ojú ọ̀nà báyìí.

Ọ̀rọ̀ wáyà rẹ ńkọ́? Ọdún kẹsàn-án mi rèé nídìí rédíò. Wáyà tó bá nípọn tó, tí wọ́n sì fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ra dáadáa, ti ṣe tiẹ̀ tán. Mi ò tíì rí èyí tó ń kọrin. Mo fi ọ̀rọ̀ náà ṣàwàdà lọ́dọ̀ Ẹnjiníà Àkàngbé, oníbàárà mi tó ń gbé ní Àgùdà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra sítẹ́ríò tó ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Kò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Ó ní òun náà fẹ́ gbọ́ ìka.

Mo ka ìwé rẹ sí Bàbá létí. Ibi yàrá iwájú ni wọ́n ti dá mi dúró. Ọ̀ṣẹ́nì, o mọ ohun tí wọ́n fi kọ́lé yìí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní Ìdó, tí wọ́n ń fi òòlù kan wíìlì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń fi etí mọ èyí tó ti sán kí ọkọ̀ tó gbéra. Wọ́n bi mí pé, "Ó ní ohùn yẹn yàtọ̀?"

Mo ní, "Bó ṣe wí nìyẹn, Bàbá."

"Kó fi wáyà náà ránṣẹ́. Bí mo bá gbọ́ ìyàtọ̀, yàrá di tiẹ̀. Bí mi ò bá gbọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ yàrá yẹn sí mi mọ́."

Mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ìyókù dọwọ́ rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àmúdàtù.


London,
20 October, 1978.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ilé. Mo tọrọ àforíjì lórí orúnkún Bàbá àti ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yín. Mo mọ̀ pé mo jẹ̀bi.

Saidat, nọ́ọ̀sì tí a jọ ń gbé àdúgbò kan níbí, ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ fún ìsinmi. Ó ní òun máa gbé wáyà náà dé ọ̀dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín ò jẹ́ kí n sùn. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni Bàbá. Gbogbo ariwo irin tí wọ́n ti gbọ́ láyé wọn, kí ló kù? Etí Bàbá ti gbó. Ṣé orí etí tó ti gbó ni gbogbo ọjọ́ iwájú mi máa wá dúró lé?

Mo bẹ̀ yín, kì í ṣe irọ́ ni mo ní kí ẹ pa. Ẹ kàn ṣáà máa sọ fún wọn pé, "Bàbá, èyí ni tuntun o," kó tó dún. Bí wọ́n bá ti mọ èyí tí wọ́n ń gbọ́, wọ́n máa gbọ́ ọ. Bó ṣe rí fún gbogbo ẹni tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù wa nìyẹn.

Àbúrò yín,
Ọ̀ṣẹ́nì.


London,
28 November, 1978.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún báyìí. Saidat kọ̀wé pé òun fi wáyà lé yín lọ́wọ́, pé ẹ gbà á, ẹ sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n ojú yín kò dára. Kí ló dé? Ṣé ara Bàbá le? Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni? Ẹ fèsì, kó tilẹ̀ jẹ́ èébú.

Ọ̀ṣẹ́nì.


Mushin,
11 December, 1978.

Ọ̀ṣẹ́nì,

Ara Bàbá le. Èmi ni mi ò mọ ohun tí n bá kọ.

Ọjọ́ tí ìwé rẹ ti October dé, Bàbá ní kí n kà á sókè bí mo ṣe máa ń ṣe. Mò ń kà á lọ, kí n tó mọ ohun tí ń bọ̀ lẹ́nu mi, mo ti sọ ọ́: etí Bàbá ti gbó. Mo dákẹ́. Wọ́n ní, "Kà á tán." Mo kà á tán. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ. Wáyà rẹ wà lórí àpótí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọn ò wo ibẹ̀. Wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Èyí tó dùn mí jù nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan wọ́n kàn sọ pé, "Ní kí Ẹnjiníà gbé àpótí rẹ̀ wá lọ́la."

Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìrun àìlà, Ẹnjiníà Àkàngbé gbé sítẹ́ríò rẹ̀ dé láti Àgùdà, sínú yàrá iwájú gan-an. Mo so wáyà tuntun mọ́ ọn, mo gbé àwo àgbà olórin kan lé e, òun àti gìtá rẹ̀ nìkan. Ẹnjiníà wo wáyà náà bó ṣe ń dán, orin ò tíì dún dénú, ó ti fò sókè. "Àmúdàtù! Ṣé o gbọ́ ìsàlẹ̀ ohùn yẹn? Ó ti kún!"

Bàbá ní kí n ta aṣọ fèrèsé sí àárín àwa àti ẹ̀rọ náà. Wọ́n gbé àga wọn, wọ́n kẹ̀yìn sí i. Mo rò pé ó tó, wọ́n ní kò tó. "Ìwọ náà ò gbọdọ̀ yàn án fúnra rẹ. Ju kọ́bọ̀ sókè. Ojú kan, tuntun. Ojú kejì, àtijọ́. Bó bá tún mú èyí tó wà níbẹ̀, ṣe bí ẹni ń pa á dà. Má bá wa sọ̀rọ̀, má sì húkọ́."

Ibo ni wọ́n ti kọ́ irú èyí? Mi ò mọ̀.

Ìgbà ogún ni mo ṣe é. Ẹnjiníà ń kọ ìdáhùn tiẹ̀ sí bébà. Nínú ogún, mẹ́sàn-án ló gbà. Ó ń wo bébà náà bí ẹni tí wọ́n mú lẹ́tà ẹlòmíì fún. Bàbá ò kọ nǹkan kan. Gbogbo ìgbà tí orin bá dákẹ́, wọ́n á ní, "Ọ̀kan náà ni."

Kí n má tàn ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ ń jẹ mí lọ́kàn. Mo rò pé bóyá òótọ́ ni etí wọn ti gbó. Mo wá yọ́ ṣe nǹkan kan tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní wáyà agogo ẹnu ọ̀nà kan, tín-ín-rín bí òwú, ó gùn tó ogójì yáàdì. Mo so ìyẹn mọ́ ọn. Àwo ò tíì yí dé ibì kankan tí Bàbá fi gbọ́wọ́ sókè.

"Ta ló lé ọkùnrin yìí lọ sẹ́yìnkùlé? Ohùn rẹ̀ ti jìnnà."

Mo dá wáyà iná àtijọ́ padà. Wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ó ti wọlé."

Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n mú mi. Ọ̀ṣẹ́nì, etí Bàbá ò gbó. Wáyà tó tín-ín jù tó sì gùn jù, ó ń jẹ ohùn, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín wáyà iná tó nípọn tó àti ti òyìnbó rẹ, kò sí nǹkan kan.

Ibi tí mo ti rò pé ó parí ni wọ́n ti wí pé, "Àmúdàtù, àpótí ọwọ́ òsì yẹn ń ṣàìsàn."

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, tuntun ni o. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta."

"Mi ò béèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá ti dún, nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń dá a lóhùn. Irin ni. Irin náà ti sán."

Mo tú u. Mo wo pépà sípíkà, ó dára. Mo wo gbogbo ibi tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó, ó dára. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí irin tó gbé pépà náà ró, mi ò rí nǹkan kan. Bàbá ní kí n gbé e wá. Wọ́n di ojú wọn, wọ́n ń fi èékánná ta á yípo, díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi dúró lójú kan. "Ibí." Wọ́n ní kí n fi kẹrosíìnì pa ibẹ̀, kí n nù ún gbẹ, kí n ku ẹfun lé e lórí, kí n dúró. A dúró. Nígbà tó yá, ìlà kan jáde lára ẹfun náà, ó ṣókùnkùn, ó tín-ín ju irun orí lọ. Ibi tí irin náà ti sán ni kẹrosíìnì ń ti inú jáde wá bá wa.

Ẹnjiníà, tó kàwé tó báyẹn, dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀. Èmi náà jókòó sílẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń pe ọkùnrin yìí ní bàbá mi. Mo mọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìdó. Mi ò mọ bó ṣe jinlẹ̀ tó àfi ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ yàrá ti parí nìyẹn. Má rò pé mò ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Kí o tó bá mi jà, ta aṣọ níwájú tìrẹ náà, kí o gbọ́.

Àmúdàtù.


London,
14 January, 1979.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún tuntun. Nígbà tí mo ka ìwé yín, mo fi ìbínú kọ èsì ojú ewé mẹ́rin. Mo ti fà á ya.

Obìnrin àgbàlagbà kan wà tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù wa, Ethel lorúkọ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọ̀gá jáde lọ jẹun, mo ní kó bá mi ta aṣọ, kó máa ju owó ẹyọ sókè. Àwo onígìtá yẹn náà ni mo gbé lé e. Mo kẹ̀yìn sí i. Mo ní ìdánilójú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di ìgbà kẹjọ, mo gbọ́ ìka ọkùnrin yẹn lórí okùn, ketekete, ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ. Mo pariwo pé, "Tuntun nìyẹn!"

Ethel yọjú láti ẹ̀yìn aṣọ. Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò tíì fọwọ́ kan tuntun láti ìgbà kẹta."

Mọ́kànlá ni mo gbà nínú ogún. Ẹni tó kàn ń méfò náà á gbà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí, Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ẹ̀rù ìtìjú. Mo gbọ́ nǹkan náà. Etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ọ. Mo padà sílé, mo gbé irú àwo yẹn sórí ẹ̀rọ kékeré tí mo ní nínú yàrá mi, tí wáyà rẹ̀ ò tó nǹkan. Mo jókòó, mo fetí sílẹ̀. Ìka náà wà níbẹ̀. Àga tó ń dún wà níbẹ̀. Wọ́n ti wà nínú àwo náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Èmi ni mi ò fetí sí i tó bẹ́ẹ̀ rí, àfi ìgbà tí ẹnì kan sọ fún mi pé nǹkan tuntun ń bọ̀. Wáyà ò ṣe nǹkan kan. Mo ro iye èèyàn tó ti ra ohun tó wà nílé wọn tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Mo sọ fún ọ̀gá mi. Ó ní, "Èmi náà ò láyà láti dán an wò rí." Lọ́jọ́ kejì, wáyà náà ṣì wà lójú fèrèsé, ó ń dán. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé mi kúrò nídìí ọjà, ó sì fi mí sí yàrá ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ṣe. Áyọ̀ọ̀nù tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì ti jó mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ṣùgbọ́n ọkàn mi fúyẹ́.

Ẹ bá mi dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ tó ní etí wọn ti gbó ni kò gbọ́ràn. Mi ò béèrè yàrá mọ́. Mi ò sì mọ ohun tí mo tún fẹ́ máa kó bọ̀ wálé.

Àbúrò yín,
Ọ̀ṣẹ́nì.


Mushin,
9 February, 1979.

Ọ̀ṣẹ́nì ọmọ Sàlíhù,

Àmúdàtù fẹ́ bá mi kọ ìwé yìí, mo ní rárá. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ka ìwé sí mi létí; fara balẹ̀ kà á. Mo kí ọ. Mo kí ọ fún gbogbo ọjọ́ tí mi ò kí ọ.

Ohun tó ṣe ọ́ yẹn ti ṣe mí rí. Ọdún 1946 ni. Wọ́n kó wíìlì tuntun dé Ìdó láti òkè òkun, ọ̀gá wa òyìnbó sì ní kò sí irú rẹ̀ láyé. Mo kàn án, mo ní òótọ́ ni, ohùn rẹ̀ dùn ju ti àtijọ́ lọ. Ọ̀jẹ̀túndé tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n kẹ̀yìn. Ó kan àtijọ́, ó kan tuntun, ó tún kan àtijọ́. Mi ò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Gbogbo èrò tó ń wọ ọkọ̀ yẹn, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn wọn, etí mi ni wọ́n gbára lé, ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá sì ti wọ inú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń di ojú mi kí n tó gbé òòlù sókè. Ìyá yín kú, mi ò sọ fún un. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún.

Nítorí náà má tijú.

Nǹkan mìíràn tún wà. Lẹ́yìn tí Ẹnjiníà gbé ẹrù rẹ̀ lọ, mo ní kí Àmúdàtù fi àwo yẹn sí ẹ̀rọ tiẹ̀, kó kàn máa dún, kì í ṣe fún ìdánwò. Mo jókòó. Mo wá gbọ́ pé ọkùnrin náà ń mí. Kó tó bẹ̀rẹ̀ orin kọ̀ọ̀kan, á mí sínú, á dúró díẹ̀, á wá kọrin. Mo bi Àmúdàtù pé ṣé ó ṣì wà láyé. Ó ní ó ti tó ọdún méje tó ti kú. Ọ̀ṣẹ́nì, ó ti kú, mo sì ń gbọ́ èémí rẹ̀ nínú ilé mi ní Mushin! Mo ní, Sùbúhánàllàhí. Mo ní kó tún un gbé lé e. A gbọ́ ọ títí àwọn aládùúgbò fi ń wojú fèrèsé.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, èyí tó sán ni mo fi etí mi wá. Bí wíìlì bá dún geere, mo ti kọjá sídìí èkejì. Mi ò dúró rí kí n gbọ́ bó ṣe dára tó.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ ìwé tí o fi sọ fún wa pé o ti fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Lánàá mo ní kí Àmúdàtù wá a jáde, kó tún un kà. Ó wà níbẹ̀ pé o ṣàìsàn fún oṣù kan. Ó wà níbẹ̀ pé o dá nìkan jókòó lọ́jọ́ Iléyá. Ó wà níbẹ̀ pé o ń béèrè ohun tí o máa ṣe lọ́wọ́ mi. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé yẹn láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n kà á sí mi létí, mi ò gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ti gbé tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ wọ yàrá iwájú. Mo ní kó sún un sápá kan, kí àyè tábìlì kejì lè wà. Kọ́ iṣẹ́ náà dáadáa níbẹ̀ yẹn. Bó o bá kọ́ ọ tán, máa bọ̀. Má kó nǹkan kan wá.

Bí o bá dé, gbé àga sún mọ́ mi, kí o bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ibi tó bá wù ọ́. Mo fẹ́ gbọ́ ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Sàlíhù.